Marie Curie, Obìnrin Tí Ó Wá Rádíọ̀mù Rí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, nínú ìwé yìí a ó ka ìtàn obìnrin kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé. Marie Curie ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ Faransé ni ó ti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ilẹ̀ Pólàǹdì ni wọ́n ti bí i, ní ìlú Warsaw, ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1867. Maria ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Skłodowska ni orúkọ ìdílé wọn. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ márùn-ún.

Olùkọ́ ni bàbá rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti ní fisíìsì. Fisíìsì ni ẹ̀kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀, ooru, iná mànàmáná àti agbára. Ìyá rẹ̀ náà jẹ́ olùkọ́, ó sì ti ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin rí. Ìwé kún ilé wọn, ṣùgbọ́n owó kò kún ibẹ̀. Ikú kò sì jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ẹ̀gbọ́n Maria obìnrin tí ó dàgbà jù kú nígbà tí Maria ṣì kéré. Ní ọdún 1878, ikọ́ ẹ̀gbẹ pa ìyá wọn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Maria nígbà náà.

Èdè tí a fi òfin dè

Ní ayé ìgbà náà, Pólàǹdì kò sí lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ìjọba mẹ́ta ti pín ilẹ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Warsaw bọ́ sí ọwọ́ ọba Rọ́ṣíà. Àwọn aláṣẹ kò fẹ́ kí a fi èdè Pólàǹdì kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Èdè Rọ́ṣíà ni kí wọ́n kọ́, òun náà ni kí wọ́n máa sọ. Bí alábẹ̀wò ìjọba bá ń bọ̀, àwọn ọmọ a sáré kó ìwé èdè tiwọn pamọ́. Wọn a wá jókòó jẹ́ẹ́, wọn a máa dáhùn ní èdè Rọ́ṣíà bí ẹni pé kò sí èdè mìíràn lẹ́nu wọn. Àwọn àgbà wa tí wọ́n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nígbà ìjọba Faransé mọ ohun tí à ń wí. Ẹni tí wọ́n ti gbé àmì kọ́ lọ́rùn rí nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀, kò sí àlàyé tí a tún fẹ́ ṣe fún un.

Ní ọdún 1883, Maria parí ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọbìnrin. Ó gba ẹ̀yẹ wúrà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ṣùgbọ́n yunifásítì Warsaw kì í gba obìnrin. Nítorí náà, àwọn ará ìlú dá ilé-ẹ̀kọ́ ìkọ̀kọ̀ kan sílẹ̀. Lónìí wọn a pàdé nínú ilé kan, lọ́la wọn a pàdé nínú ilé mìíràn, kí ọwọ́ ọlọ́pàá má bàa tẹ̀ wọ́n. Ibẹ̀ ni Maria àti Bronia ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lọ.

Bronia fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Paris. Maria náà fẹ́ lọ sí Paris. Owó bàbá wọn kò lè gbé ẹnì kan, áḿbọ̀sì ẹni méjì. Àwọn méjèèjì bá ṣe àdéhùn. Maria yóò lọ gba iṣẹ́, yóò máa fi owó ránṣẹ́ sí Bronia. Bí Bronia bá di dókítà, òun náà yóò wá ran Maria lọ́wọ́. Ẹ wò ó, bí a ṣe ń dá èésú ni wọ́n ṣe é: ọ̀kan kó tirẹ̀ ná, ọ̀kan dúró de ìgbà tirẹ̀.

Maria di olùkọ́ ọmọ nínú ilé àwọn olówó. Láti ọdún 1886, ó wà ní ìletò kan tí ń jẹ́ Szczuki, nínú ilé ọ̀gá oko kan. Ní ìletò yìí, ó rí àwọn ọmọ àgbẹ̀ tí wọn kò mọ ìwé rárá. Nígbà tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ tán, yóò kó wọn jọ, yóò máa kọ́ wọn ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní èdè Pólàǹdì, èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Òfin kọ̀ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá lọ sọ fún aláṣẹ, ẹ̀wọ̀n ni, tàbí kí wọ́n lé e lọ sí ilẹ̀ tútù Siberia. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tí àwọn tí ń kọ́ni ní irú kíláàsì wa yìí bá ka ìtàn Marie Curie, ibí ni wọ́n máa ń dúró sí láti tún un kà.

Paris

Ọdún 1891 ni ó tó kan Maria. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó di Paris. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ní Paris ni ó ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Marie, bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. Ó gba yàrá kékeré kan ní òkè pátápátá ilé, lábẹ́ òrùlé. Nígbà òtútù, omi a máa dì nínú abọ́ ìwẹ̀ rẹ̀. Búrẹ́dì àti tíì ni oúnjẹ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Èdè Faransé tí ó mọ̀ kò tó èyí tí wọ́n fi ń kọ́ni ní Sorbonne, nítorí náà ó ń kọ́ èdè, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1893, ó ṣe ìdánwò fisíìsì, ó gba ipò kìn-ín-ní. Ní ọdún 1894, ó ṣe ti ìṣirò, ó gba ipò kejì.

Ọdún 1894 yìí náà ni ó pàdé Pierre Curie. Olùkọ́ fisíìsì ni Pierre, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù keje ọdún 1895. Wọn kò ṣe àríyá ńlá. Wọ́n ra kẹ̀kẹ́ méjì, wọ́n sì gun ún kiri àwọn abúlé ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1897, wọ́n bí ọmọbìnrin wọn àkọ́kọ́, Irène.

Ìtànṣán tí ojú kò rí

Ní ọdún 1896, ọkùnrin Faransé kan tí ń jẹ́ Henri Becquerel rí ohun ìyanu kan. Ó fi ìwé dúdú wé àwo fọ́tò kí ìmọ́lẹ̀ má lè kàn án. Ó gbé ohun kan tí ùráníọ̀mù wà nínú rẹ̀ lé e lórí, ó tì í mọ́ inú àpótí tábìlì. Nígbà tí ó wo àwo náà, ó rí àmì lára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Kò sí oòrùn níbẹ̀, kò sí iná. Ùráníọ̀mù fúnra rẹ̀ ni ó ń tú ìtànṣán jáde. Ojú wa kò lè rí ìtànṣán yìí, ọwọ́ wa kò sì lè mọ̀ ọ́n.

Ùráníọ̀mù kò jìnnà sí wa. Láti ọdún 1971 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní Arlit, ní orílẹ̀-èdè Niger. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹrù náà ń gba Parakou sọ̀ kalẹ̀ wá sí èbúté Kútọ̀nù, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e lọ sí Yúróòpù.

Marie fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìwádìí tí yóò fi gba oyè dókítà nínú ẹ̀kọ́. Kò tíì sí obìnrin kan ní ilẹ̀ Faransé tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ nínú fisíìsì. Ó mú ọ̀rọ̀ ìtànṣán Becquerel. Pierre àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣe ẹ̀rọ kan tí ó lè wọn iná mànàmáná tí ó kéré gan-an. Marie rí i pé bí ìtànṣán náà bá ti kọjá nínú afẹ́fẹ́, iná mànàmáná díẹ̀ á lè gba inú afẹ́fẹ́ náà kọjá. Bí ó bá wọn iná náà, ó ti wọn ìtànṣán náà nìyẹn.

Ó wọn ùráníọ̀mù ní gbogbo ọ̀nà. Ó wọn èyí tí ó tutù àti èyí tí ó gbẹ. Ó wọn èyí tí a lọ̀ àti èyí tí a kò lọ̀. Kò sí ìyàtọ̀. Bí ùráníọ̀mù bá ti pọ̀ tó ni ìtànṣán ṣe ń pọ̀ tó. Marie bá mọ̀ pé inú èròjà náà gan-an ni ìtànṣán ti ń wá, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ ohun mìíràn. Ó wá wọn àwọn èròjà tó kù, ó sì rí i pé tóríọ̀mù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òun àti Pierre ni wọ́n fún ìṣe yìí ní orúkọ. Ní èdè Faransé, radioactivité ni.

Lẹ́yìn èyí, ó wọn òkúta dúdú kan tí ń jẹ́ pitchblende. Inú òkúta yìí ni wọ́n ti ń yọ ùráníọ̀mù. Ìtànṣán rẹ̀ pọ̀ ju ti ùráníọ̀mù pọ́ńbélé lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin. Báwo ni ó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin ìyá wa mọ ọbẹ̀ sè. Bí ẹ bá fi ata mẹ́rin se ọbẹ̀, tí ọbẹ̀ náà wá ta bí ẹni pé ata mẹ́rìndínlógún ni ẹ fi sí i, ẹ ó mọ̀ pé ata mìíràn wà nínú ìkòkò yẹn tí ẹ kò fi ojú rí. Bẹ́ẹ̀ ni Marie ṣe rò ó. Ó ní láti jẹ́ pé èròjà mìíràn wà nínú òkúta náà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀, tí agbára rẹ̀ sì ju ti ùráníọ̀mù lọ.

Pierre fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó wá bá a ṣe é. Ní oṣù keje ọdún 1898, wọ́n kéde èròjà tuntun kan. Marie sọ ọ́ ní pólóníọ̀mù, nítorí Pólàǹdì ìlú rẹ̀, tí kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ ayé nígbà náà. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, wọ́n kéde èkejì. Wọ́n pè é ní rádíọ̀mù.

Ọdún mẹ́rin nínú àgọ́

Àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì kò gbà tán. Kẹ́mísìrì ni ẹ̀kọ́ nípa àwọn èròjà tí ó para pọ̀ di gbogbo nǹkan ayé. Wọ́n wí pé kí àwọn fi ojú rí rádíọ̀mù, kí àwọn gbé e lé òṣùwọ̀n. Ọ̀rọ̀ wọn kò burú. Bí èèyàn bá ní òun rí ẹran nínú igbó, ó yẹ kí ó gbé e wálé.

Rádíọ̀mù kò pọ̀ nínú òkúta náà rárá. Èèyàn ní láti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù kí ó tó rí ìwọ̀nba kékeré. Tọ́ọ̀nù kan jẹ́ 1000 kílò. Níbi ìwakùsà kan ní ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Ọ́stríà nígbà náà, wọ́n ti yọ ùráníọ̀mù kúrò nínú òkúta, wọ́n sì da àkù rẹ̀ sí inú igbó. Wọ́n kó àkù yìí fún Marie àti Pierre. Ó dé Paris nínú àpò, tòun ti ewé igi tí ó ti jábọ́ sí i.

Ibo ni wọn yóò ti ṣe iṣẹ́ náà? Ilé-ẹ̀kọ́ tí Pierre ti ń kọ́ni fún wọn ní àgọ́ pákó kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni wọ́n ti ń la òkú níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó pa á tì. Òrùlé rẹ̀ ń jò. Nígbà ooru ó ń gbóná, nígbà òtútù ó ń tutù. Kò sí ibi tí èéfín ń gbà jáde, nítorí náà Marie máa ń gbé ìkòkò rẹ̀ sí ìta. Bí òjò bá dé, yóò gbé e wọlé, yóò sì ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀.

Iṣẹ́ náà rí báyìí. Yóò da àkù bí ogún kílò sínú ìkòkò ńlá, yóò dà oògùn sí i, yóò sì máa sè é. Ọ̀pá irin tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ń rò ó, nígbà mìíràn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Yóò sẹ́ ẹ, yóò da apá kan nù, yóò tún se èyí tí ó kù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ríbi tí àwọn obìnrin etí òkun ní Wídà ti ń se omi iyọ̀ títí iyọ̀ yóò fi dì, ẹ lè fojú inú wo apá ìkẹyìn iṣẹ́ náà. Yóò jẹ́ kí ó tutù, iyọ̀ kan yóò dì. Rádíọ̀mù pọ̀ díẹ̀ nínú èyí tí ó kọ́kọ́ dì ju èyí tí ó kù sínú omi lọ. Yóò kó èyí tí ó dì, yóò tún yọ́ ọ, yóò tún jẹ́ kí ó dì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò lọ sílé lọ gbọ́ ti ọmọ.

Ní ọdún 1902, ó rí i mú. Ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá gíráàmù iyọ̀ rádíọ̀mù ni. Kò tó iyọ̀ tí ẹ ó fi ìka méjì bù sí ẹyin kan. Ṣùgbọ́n ó tó láti gbé lé òṣùwọ̀n, kò sì sí ẹni tí ó tún lè jiyàn. Ní alẹ́, òun àti Pierre máa ń padà lọ sí àgọ́ náà láìtan àtùpà. Inú òkùnkùn ni wọn yóò dúró sí, wọn yóò máa wo àwọn ìgò kéékèèké wọn bí wọ́n ṣe ń tàn yanranyanran lórí pákó.

Láìpẹ́, àwọn dókítà rí i pé rádíọ̀mù lè pa jẹjẹrẹ run. Gbogbo ayé ń wá a. Bí Marie àti Pierre bá ti fi òfin de ọ̀nà tí wọ́n fi ń yọ ọ́, olúkúlùkù ẹni tí ó bá fẹ́ yọ ọ́ ni ìbá máa san owó fún wọn. Wọ́n jíròrò rẹ̀, wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n kọ ọ̀nà náà síta fún ẹni tí ó bá fẹ́. Àwọn kan wí pé ìwà òmùgọ̀ ni, nítorí pé tálákà ṣì ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe àríyànjiyàn lórí rẹ̀ nínú kíláàsì.

Ẹ̀yẹ àti ọ̀fọ̀

Ní oṣù kẹfà ọdún 1903, Marie gba oyè dókítà. Ní ọdún yẹn náà, wọ́n fẹ́ fún Becquerel àti Pierre ní ẹ̀bùn Nobel ti fisíìsì. Orúkọ Marie kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn ará Sweden ta Pierre lólobó. Pierre kọ lẹ́tà pé kò tọ́ kí a yọ ìyàwó òun sílẹ̀. Báyìí ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe gbà á. Kò tíì sí obìnrin tí ó gba ẹ̀bùn Nobel rí ṣáájú Marie. Ní oṣù kejìlá ọdún 1904, wọ́n bí ọmọbìnrin kejì, Ève.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1906, òjò ń rọ̀ ní Paris. Pierre fẹ́ kọjá ní títì kan. Ó ṣubú sábẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ gun orí rẹ̀, ó kú lójú ẹsẹ̀. Marie di opó ní ọmọ ọdún méjìdínlógójì, pẹ̀lú ọmọ méjì. Wọ́n ní kí ó gba owó opó láti ọwọ́ ìjọba. Ó ní òun ṣì lè ṣiṣẹ́. Sorbonne bá fi í sí ipò ọkọ rẹ̀. Kò tíì sí obìnrin tí ó kọ́ni níbẹ̀ rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, èrò kún gbọ̀ngàn láti wo bí yóò ṣe sunkún. Kò sunkún. Ibi tí Pierre ti fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1911 le fún un. Ní oṣù kìn-ín-ní, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé dìbò, wọn kò gbà á wọ ẹgbẹ́ wọn. Ìbò tí ó fi pàdánù kò tó nǹkan. Ní ìparí ọdún, àwọn ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ síta, wọ́n ń bú u pé àjèjì ni, kí ó máa lọ sí ìlú rẹ̀. Àwọn èèyàn pé jọ sí iwájú ilé rẹ̀. Àkókò yìí gan-an ni ẹ̀bùn Nobel kejì dé, ti kẹ́mísìrì, nítorí pólóníọ̀mù àti rádíọ̀mù. Ẹnì kan ní Sweden kọ̀wé sí i pé kí ó má wá. Ó fèsì pé iṣẹ́ òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn, ó sì lọ gbà á. Títí di òní, kò sí ẹlòmíràn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, ó kó ẹ̀rọ tí ń ya fọ́tò egungun sínú mọ́tò, kí àwọn dókítà lè mọ ibi tí ọta ìbọn wà lára ọmọ ogun. Ogún mọ́tò bẹ́ẹ̀ ni ó kó jọ, ó sì kọ́ láti wa ọ̀kan fúnra rẹ̀. Irène, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, bá a ṣe é.

Lẹ́yìn ogun, gíráàmù rádíọ̀mù kan ṣoṣo ni ó wà ní ibi iṣẹ́ rẹ̀. Owó gíráàmù kan tó 100 000 dọ́là. Ẹni tí ó fi ọ̀nà rẹ̀ han ayé kò ní owó láti rà á. Àwọn obìnrin Amẹ́ríkà dá owó jọ, wọ́n ra gíráàmù kan, ààrẹ wọn sì fi lé e lọ́wọ́ ní ọdún 1921. Láti ọdún 1922, òkúta láti Shinkolobwe ní ilẹ̀ Kóńgò wọ ọjà. Ùráníọ̀mù àti rádíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀ gan-an, owó rádíọ̀mù sì wálẹ̀. Bẹ́ljíọ̀mù ni ó ń jọba Kóńgò nígbà náà, Bẹ́ljíọ̀mù ni ó sì jẹ èrè rẹ̀.

Ohun tí wọn kò mọ̀

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, Marie ń fi ọwọ́ lásán mú rádíọ̀mù. Orí ìka rẹ̀ le, ó ń sán, ó ń dùn ún. Pierre fi í sí apá ara rẹ̀ láti dán an wò, ó di egbò tí ó pẹ́ kí ó tó jinná. Wọ́n mọ̀ pé ó ń jó ara. Wọn kò mọ̀ pé ó ń wọ inú ara, wọ inú egungun, níbi tí a ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ arẹwà tí wọ́n ń lọ wò ní alẹ́ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí èèyàn súnmọ́. Ojú Marie ń ṣú, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gbẹ. Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1934, ní ilé ìwòsàn kan lórí òkè ní ilẹ̀ Faransé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Àwọn dókítà sọ pé mùdùnmúdùn inú egungun rẹ̀ kò lè ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ kan lónìí rò pé ẹ̀rọ fọ́tò egungun ìgbà ogun wà lára ohun tí ó pa á.

Irène àti ọkọ rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì ní ọdún 1935. Marie kò dúró rí i. Ní ọdún 1939, Marguerite Perey, ọmọbìnrin tí Marie gbà sí iṣẹ́ ní ọdún 1929 gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́, rí èròjà mìíràn, ó sì sọ ọ́ ní fránsíọ̀mù.

Ní ọdún 1995, ìjọba Faransé gbé òkú Marie àti ti Pierre lọ sí Panthéon ní Paris, níbi tí wọ́n ń sin àwọn ẹni ńlá ilẹ̀ náà sí. Ní ti ìwé tí Marie fi ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ ojoojúmọ́, ó wà ní ilé ìkówèésí ńlá ìjọba ní Paris, nínú àpótí òjé. Rádíọ̀mù wà lára àwọn ojú ìwé náà, níbi tí ìka rẹ̀ kàn. Ó gbà tó ọdún 1600 kí ìlàjì rádíọ̀mù tó tán. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìwé náà ní láti kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé pé òun mọ ewu tí ó wà níbẹ̀.